Àyẹ̀wò ọdún: ojú ìwé 61

Ẹ̀yin tí a ti jọ ń bọ̀ á rántí pé mo búra lójú yín lópin ọdún tó kọjá: mi ò ní ra ìwé tuntun kankan títí n ó fi ka ìdajì àwọn tó wà nílé tán. Ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ni mo ra ti àkọ́kọ́. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ìwé ọ̀hún ń kọ́ni bí a ṣe ń jáwọ́ nínú ohun tó ti di bárakú. Mi ò tíì kà á.

Bí ẹ bá bi mí léèrè oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, irọ́ ni n ó pa fún yín. Oṣù Karùn-ún nìkan ló ṣẹ́kù sí mi lọ́kàn nínú ọdún yìí, oṣù tí a kó ìwé Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn tó jáde láyé.

Ẹ mọ Ẹ̀gbọ́n, n ò ní máa tún ìtàn pa. Bó bá wọlé mi, a ò ní tíì kíra tán tí yóò ti dé ìdí pẹpẹ ìwé. Yóò fa ọ̀kan yọ, yóò fi ìka nu eruku orí ẹ̀, yóò ní, "Àbúrò, eléyìí ńkọ́?" Èmi á ní mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, sà. Yóò ṣí i, ẹ̀yìn ìwé á dún pá, bí ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ṣí rí. Kò ní bá mi wí. Yóò kàn dá a padà síbi tó ti yọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ ìkókó sílẹ̀. Ó sàn kó kúkú nà mí.

Ìyàwó ẹ̀ ló pè mí. Ó ní, "Ẹ bá wa wá kó wọn, èmi ò lè máa wò wọ́n mọ́." Mo mú páálí mẹ́fà dání lọ. Páálí 23 la lò. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan wà láyé àtijọ́, Sir Thomas Phillipps, tó ní òun fẹ́ ní ẹ̀dà kan nínú gbogbo ìwé tó wà láyé. Ọdún 1872 ló kú, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi ń tà nínú ẹrù ẹ̀. Ti Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ méjì péré, a ti gbálẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo rí ìwé kan tó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtẹ̀wé. Mo ní ó ṣèèṣì ni. Mo rí ìkejì. Nígbà tó di ìkẹtàdínlógún, mo jókòó sórí páálí. Ẹ̀gbọ́n! Adájọ́ tó ń gbẹ́jọ́ mi, òun gan-an lolè. Àwọn ará Jàpáánù tilẹ̀ ní orúkọ fún un, tsundoku, kéèyàn máa ra ìwé jọ kó má kà á. Láti ayé Meiji, láàárín 1868 sí 1912, ni wọ́n ti ń sọ ọ́, ìyẹn ni pé ó ti ń ṣe aráyé tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n ò kàn sọ fún mi pé ó ń ṣe òun náà ni.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ẹ̀ gbé ẹrù kan lé mi lọ́wọ́, èyí tí wọ́n wá já sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí Ẹ̀gbọ́n lọ. Ìwé ni, ojú ìwé 800 ó lé díẹ̀. Mo wo ọjọ́ tó rà á. Orí ibùsùn ló wà nígbà yẹn, dókítà sì ti bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lójú wa. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó mú fóònù, ó ra ìwé olójú 800.

Lẹ́tà inú ẹ̀ sì kéré bí ẹyin èèrà. Ẹni tó ń wá awò ojú ẹ̀ nígbà tó wà lójú ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá yọ ìwé tó fún mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní òun ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí n má jẹ̀ẹ́ kí òun bá a láìkà. Ẹ mọ èsì. Mo ṣí i, mo rí i pé ó fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí etí ìwé: "Òótọ́." "Irọ́ ni." Níbì kan, "Hùn." Mo ń kà á lọ, mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀, títí mo fi dé ojú ìwé 61, níbi tó ti ká igun ojú ewé náà wálẹ̀. Láti 62 lọ, kò sí ìlà kan. Ewé méjì kan níwájú tilẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra, bí wọ́n ṣe gé e wá. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì! Mo rẹ́rìn-ín débi tí ìyàwó mi fi jí wá wò mí. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ohun tí mo rí nìyẹn.

Ó dáa, ìṣirò. Mo ra ìwé 31 lọ́dún yìí, mo ka 12, mẹ́ta péré nínú ẹ̀ ló ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Mo ṣírò iye àwọn tí mi ò tíì kà: 214. Páálí kan ni mo ní n ó gbà nínú ti Ẹ̀gbọ́n, mẹ́rin ló bá mi délé, pẹpẹ sì ti tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn arúgbó. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún òun bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan tí ìwé yóò lé wa síta, kí òun lè palẹ̀ mọ́.

Mo ti rò ó, mi ò rò pé ojúkòkòrò nìkan ni. Ìwé tó ti pẹ́ nílé mọ̀ mí. Ó mọ iye ìgbà tí mo gbé e lọ sórí ibùsùn tí oorun gbé mi lọ lójú ìwé kẹrin. Ó mọ̀ pé mo fi ọ̀kan nínú wọn ti fèrèsé. Tuntun ò mọ nǹkan kan. Lójú tiẹ̀, èmi lẹni tó ń jí ní kùtùkùtù, tó pa fóònù, tó ní pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí. Ẹni yẹn ni mo ń ra gbogbo ìwé yìí fún. Èèyàn dáadáa ni, ó kàn jẹ́ pé a ò tíì pàdé.

Ẹ̀yin tí ẹ pè mí ní oṣù Karùn-ún, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé mi ò ní gbé fóònù, tí ẹ ṣì pè, ẹ ṣeun jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wa gbé páálí 23 sọ̀kalẹ̀ àkàbà, ọlọ́run á san án fún ẹ̀yìn ẹ.

Ìwé olójú 800 wà lọ́dọ̀ mi, mi ò tíì tú u. Ìwé oní-pẹ́ńsùlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, mo sì dúró sí 61. Ìwé náà dùn o. Àmọ́ bí mo bá ṣí 62, èmi nìkan ni n ó máa kà á lọ.

Bóyá ní oṣù Kìíní. Mi ò búra lọ́tẹ̀ yìí. Ìwé kan ṣì wà lọ́nà, wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì ni yóò dé. Kékeré ni, ojú ìwé 112. Ìyàwó mi ò tíì mọ̀.