Ẹ Kọ́kọ́ Ra Omi àti Iná, Kí Ẹ Tó Ra Ẹja

Ìyá mi ní ìlẹ̀kẹ̀ iyùn kan tó máa ń fi sọ́rùn bí òde bá le. Mo ti dàgbà, mo ti ń ṣiṣẹ́, kí n tó mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ni iyùn, pé ẹranko kékeré inú òkun ló mọ egungun yẹn jọ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n tó lu ú níhò. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti fà sí i. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ni mo ń sìn o. Inú ibú tó ṣókùnkùn nìyẹn ń gbé. Tèmi ni àwọn ìbátan rẹ̀ tó rọ̀, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, tí í là bí òdòdó bí iná bá tàn, tí í sì kó ara jọ lálẹ́. Wọ́n wà nínú àpótí gíláàsì kan ní pálọ̀ mi ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Íbàdàn, níbi tó jẹ́ pé Èkó lèèyàn máa dé kó tó fojú kan òkun.

Owó mi ò pọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì pọ̀ báyìí. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí pé ọ̀nà òdì ni mo kọ́kọ́ ná an gbà. Ẹja ni mo kọ́kọ́ rà. Mẹ́ta. Gbogbo wọn kú láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ojú mi ló sì ṣe bí wọ́n ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, mo bẹ̀ ẹ́, kó kó owó rẹ̀ lé omi àti iná. Ẹja àti iyùn ló kẹ́yìn.

Àpótí fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìṣòro, torí àwọn onígíláàsì wà káàkiri ìlú. Èyí tí mo bá ní Mọ́kọ́lá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹja àrọ̀ lẹ fẹ́ sìn ni?" Mo ní ẹja òkun ni. Ó gbé tépù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Òkun? N'Íbàdàn níbí?" Síbẹ̀ ó ṣe é fún mi dáadáa: sẹ̀ǹtímítà 60 ní gígùn, 40 ní fífẹ̀, 40 ní gíga, gíláàsì mìlímítà 8. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró tì í lórí ni sílíkóònù tó máa fi lẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n ń lò ní balùwẹ̀ sábà máa ń ní oògùn tó ń pa nǹkan dúdú tó máa ń hù lára ògiri, oògùn yẹn kò sì ní dá ohun tó wà nínú omi sí. Èyí tí kò ní oògùn, tó ń rùn bíi fínígà bó ṣe ń gbẹ, ni kó lò. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì pọn omi kún un níta fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Omi inú rẹ̀ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 kìlò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wẹ́dà bá yín ṣe irin tí yóò dúró lé.

Omi wá kàn. Bọ́hòólù ilé wa mọ́ lójú, ó sì dùn lẹ́nu, èyí ló tàn mí jẹ. Nígbà tí mo ra TDS mítà, ohun kékeré tó rí bíi bírò, tó ń sọ bí ohun tó yòrò sínú omi ṣe pọ̀ tó, ó ka 240. Òdo la fẹ́, tàbí ohun tó sún mọ́ ọn. Oṣù méjì péré tí mo fi lo omi yẹn, nǹkan aláwọ̀ ewé tó dà bí irun bo gbogbo òkúta mi. Mo yẹ píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá wò, ó ka 60. Omi òjò ńkọ́? Orí páànù ló ń gbà kọjá, tòun ti síńkì, eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, mo rí ibi kan ní Sáńgo tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ RO, èyí tó ń yọ ohun tó yòrò kúrò nínú omi, sẹ́ omi tà, tiwọn ka 7. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ pọnmi títí di òní. Ẹ̀rọ náà wọ́n jù fún mi, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́sẹ̀ kò pa mí lára.

Ẹ má fi iyọ̀ ọbẹ̀ ṣe é. Nínú iyọ̀ òkun, nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 ni sodium àti chloride, èyí tó jẹ́ iyọ̀ tí à ń jẹ. Ìyókù ni magnesium, kálísíọ̀mù, potassium àti àwọn mìíràn, iyùn kò sì lè gbé láìsí ìyókù yẹn. Iyọ̀ akuéríọ̀mù gan-an ni kí ẹ rà, ohun tí mi ò lè bá yín dín kù nìyẹn. Omi lítà 80 ló kù nínú tèmi lẹ́yìn tí òkúta ti gba àyè tirẹ̀, ó sì gba iyọ̀ bíi kìlò mẹ́ta. Ẹ pò ó sínú garawa, kí pọ́ǹpù kékeré máa rò ó mọ́jú, kí ẹ wá fi refractometer, ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, wọ̀n ọ́n: 35 ni kó kà, ìyẹn gíráàmù iyọ̀ nínú kìlò omi kan, tàbí 1.026 tó bá jẹ́ ìwúwo omi ló ń kà. Àwọn èèyàn máa ń ní kí n bu omi òkun l'Ékòó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bu ú rí, nígbà òjò. Ó ka 28, torí omi ọ̀sà àti òjò ti là á, ó sì rú. Mo dà á nù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi: omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Tí lítà 80 bá gbẹ di 70, iyọ̀ tó wà ní 35 ti di 40 nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn án. Nítorí náà, omi tí kò níyọ̀ lẹ ó fi máa dí èyí tó gbẹ. Mo fi máákà fa ìlà kan sára gíláàsì. Ní àràárọ̀, kí n tó mu tíì, mo ti pọn ọ́n dé ìlà.

Òkúta òkun gbígbẹ ni mo rà, kìlò mẹ́jọ, torí èyí tó ṣì tutù, tí nǹkan ẹlẹ́mìí wà lára rẹ̀, kò ṣe é fẹnu sọ iye rẹ̀. Ẹ má lọ ṣa òkúta àdúgbò. Òkúta Ìbàdàn le, kò ní ihò tín-tìn-tín tí kòkòrò àìfojúrí máa wọ̀ sí, àwọn kòkòrò yẹn la sì ń wá. Àwọn ló ń sọ amóníà tó ń jáde lára ẹja di nitrite, tí wọ́n á tún sọ ìyẹn di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ lóró. Àìsí wọn ló pa ẹja mẹ́ta mi. Láti pè wọ́n wá, edé tútù kan péré láti ọjà Bódìjà, tí wọn ò sè, tí wọn ò sì yan, ni mo jù sínú omi tó ti níyọ̀, mo jẹ́ kó jẹrà. Ó rùn. Amóníà gòkè, nitrite tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún àwọn méjèèjì di òdo. Mi ò ra nǹkan kan láàárín ìgbà náà, ìgbà yẹn ni mo sì fi rówó jọ fún bátìrì tí yóò máa yí omi bí iná bá lọ.

Yanrìn tí wọ́n ń kó wọlé wọ́n. Àwa tí à ń pe ara wa ní ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu, kò yẹ kí ìkarahun wọ́n wa. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, mo ra ìkarahun inú òkun tí wọ́n ń lọ̀ fún adìyẹ tó ń yé ẹyin. Mo fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́ kedere, mo rẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sá a. Ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, torí ó tóbi ju yanrìn lọ, ìdọ̀tí sì máa ń wọ àárín rẹ̀.

Iná ló jẹ mí níyà jù. Lóṣù Kẹfà kan, ìjì wó òpó iná àdúgbò wa, a sì wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ méjì ààbọ̀. Mi ò tíì ra bátìrì náà nígbà yẹn. Mo ti fi owó rẹ̀ ra iyùn rírọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní leather coral, tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Omi iyọ̀ kì í gba ọ́síjìn tó omi lásán, èyí tó bá sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ tún kéré sí i, nítorí náà tí omi ò bá ti yí, ewu ti dé. Mo jókòó ti àpótí náà pẹ̀lú ife, mò ń bu omi, mò ń dà á padà láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru kejì, oorun gbé mi lọ lórí àga. Òórùn ló jí mi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo rí iyùn náà tó ti wó sórí òkúta bí aṣọ tútù, ohun funfun kan ń já lára rẹ̀ bí mo ṣe ń wò ó. Ẹja kan ti dẹ̀gbẹ́. Mo sunkún.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Pọ́ǹpù ayíomi mi jẹ́ fólítì 12, ó ń jẹ wọ́ọ̀tì 10. Bátìrì fólítì 12, Ah (ámípíà wákàtí) 100, ní wọ́ọ̀tì wákàtí 1,200 nínú; ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ lò kó má bàa tètè bàjẹ́, ìyẹn 600. Wákàtí 60 nìyẹn, ọjọ́ méjì ààbọ̀ géérégé. Ó gbé pọ́ǹpù yẹn tààrà láìsí ínfátà. Tí n bá ti ní bátìrì yẹn lóṣù Kẹfà, ohunkóhun ì bá má kú. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe kánjúkánjú bẹ́ẹ̀. Iyùn lè wà lókùnkùn fún ọjọ́ díẹ̀, kò lè wà láìmí. Iná LED aláwọ̀ búlúù àti funfun, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ti tó àwọn tó rọ̀.

Ooru ni ìlú wa ní, nítorí náà ẹ má kọ́kọ́ ra híítà. Lóṣù Kẹta omi mi dé 31, ó sì yẹ kó wà láàárín 25 sí 27. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sí ojú omi fà á wálẹ̀ dé 28, ṣùgbọ́n omi á máa gbẹ ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni mò ń ki híítà bọ̀ ọ́ lálẹ́.

Ẹ má sì fín oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá náà láéláé. Èmi fúnra mi ni mo fín in, lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi fà á wọlé. Nígbà tó fi máa mọ́, edé òkun pupa tí mo fẹ́ràn jù, tó máa ń gun ọwọ́ mi láti yẹ ìka mi wò, ti dojú ọ̀run, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọ̀n ẹ̀fọn là ń sùn sínú rẹ̀ báyìí. Bákan náà ni oògùn ẹja tó ní kọ́pà nínú: ó lè wo ẹja sàn, yóò pa edé àti iyùn.

Ní ti ẹja, clownfish méjì tó fún mi. Akọ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n kéré; èyí tó bá tóbi jù ló ń di abo. Damselfish pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n oníjà ni, kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn simi.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó wọn wọlé l'Ékòó ni mo ti ń ra iyùn. Inú kúlà ni mo máa ń gbé e sí, torí kò sẹ́ni tó mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Márosẹ̀ yóò ṣe rí. Tí mo bá délé, rọ́bà dírípù tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ni mo fi ń jẹ́ kí omi àpótí máa kán sínú èyí tó bá a wá, fún bí ìṣẹ́jú 45, kí ara rẹ̀ lè bá a mu. Iyùn rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní mushroom àti leather ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Zoanthid, ìbátan iyùn, rẹwà, kò sì ṣòro sìn, àmọ́ àwọn kan nínú wọn ní oró palytoxin tó lè pa èèyàn: ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, ẹ má sì se òkúta tó bá wà lára rẹ̀ nínú omi gbígbóná láé, torí oró náà lè bá ooru omi jáde. Acropora àti àwọn iyùn ẹlẹ́gungun bíi tirẹ̀ ń fẹ́ owó tí mi ò ní, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Mo tún ra leather mìíràn lẹ́yìn bátìrì. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin báyìí. Lóṣù tó kọjá mo fi abẹ gé etí rẹ̀ méjì, mo so wọ́n mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ pẹ̀lú òwú, wọ́n sì ti gbá òkúta mú. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọ̀sẹ̀ márùn-ún edé tirẹ̀. Kò rí owó san, mi ò sì bi í. Ní gbogbo Sátidé, ó máa ń bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì kan wá láti Sáńgo.