Ohun tí káàdì gọ́ọ̀fù kọ́ mi nípa ṣíṣe áàpù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yíya ojú áàpù, ibi tí mo ti ṣì í ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Áàpù bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni mo ti ń ṣe bọ̀ kí ilé-iṣẹ́ kan tó gbé ti àwọn olólùfẹ́ gọ́ọ̀fù fún mi, mo sì rò pé àwòrán nìkan ni mo máa pààrọ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ tí mo yà gbé ẹyọ ayò ńlá kan sí àárín, bí ẹni pé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà lórí pápá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ìdíje bíi The Open tí wọ́n ń ṣe ní Bìrìtéènì, agbágọ́ọ̀fù 156 ló ń bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń jáde láti kùtùkùtù òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹnì kan á ti parí tirẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ẹlòmíràn tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́.

Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kan kì í fi í dá dúró nínú gọ́ọ̀fù. Bí ẹ bá kọ -4 síwájú orúkọ ẹnì kan, ìyẹn ni pé ó fi mẹ́rin dín ní páà, iye ìgbà tí wọ́n retí pé kí ẹni tó mọ gọ́ọ̀fù dáadáa gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ àwọn ihò náà (ẹni tó gbá díẹ̀ jù ló sì ń borí), ohun tí olùwòran máa kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ihò mélòó tó ti gbá. Ẹni tó ti gbá ihò 18 pẹ̀lú -4 ti lọ sinmi, ṣùgbọ́n ẹni tó gbá mẹ́fà péré ṣì lè gòkè tàbí kí ó já wálẹ̀. Ẹ má ṣe fi iye ihò yìí pamọ́ sí ojú ewé mìíràn láé.

Èmi fi í síbẹ̀, mo sì tún kọsẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje PGA Tour, ìyẹn ọ̀wọ́ ìdíje gọ́ọ̀fù àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì, àwọn kan ń bẹ̀rẹ̀ láti ihò kìn-ín-ní, àwọn yòókù láti ihò kẹwàá. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹwàá tó sì wà ní ihò kẹta ti gbá 11 tán, ṣùgbọ́n áàpù mi ń kọ méjì fún un. Olùwòran kan tí a fún ní ẹ̀dà ìdánwò ló rí i, kì í ṣe àwa tí a jókòó ti iṣẹ́ náà fún oṣù púpọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí gan-an.

Ní ti àwọ̀, pupa ni pátákó ìdíje Masters ní Augusta, ní Amẹ́ríkà, fi ń kọ ti ẹni tó wà lábẹ́ páà, àwọ̀ ewé sì ni ti àwọn yòókù. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àṣà yẹn, nítorí ojú àwọn olólùfẹ́ ti mọ́ ọn. Àmọ́ àwọ̀ méjèèjì yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í lè dá mọ̀ yàtọ̀. Láàárín àwọn tí ìran wọn ti Àríwá Yúróòpù wá, wọ́n tó nǹkan bí ẹnì kan nínú 12. Ẹ jẹ́ kí àmì àyọkúrò náà hàn ketekete.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti Roberto De Vicenzo, ọmọ Argentina. Ní Masters ọdún 1968, lọ́jọ́ tí ó pé ọmọ ọdún 45, ó gbá mẹ́ta ní ihò kẹtàdínlógún níṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Tommy Aaron, agbágọ́ọ̀fù tó ń bá a kọ káàdì, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ iye tí ẹnì kan gbá ní ihò kọ̀ọ̀kan sí, kọ mẹ́rin, De Vicenzo kò sì ṣàkíyèsí rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Nípa òfin, 66 tó wà lórí káàdì ló dúró, kì í ṣe 65 tó gbá, Bob Goalby sì fi ẹyọ kan borí rẹ̀.

Nítorí náà, ipò méjì ni mo fún gbogbo ayò nínú áàpù wa: èyí tó ṣì ń lọ lọ́wọ́, àti èyí tí a ti fọwọ́ sí káàdì rẹ̀. A kì í kọ "olùborí" síwájú orúkọ ẹnikẹ́ni kí ìkejì tó wọlé. Èyí máa ń dá wa dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí àwọn áàpù mìíràn ti ń kéde, mo sì ti bá àwọn ọ̀gá mi jiyàn lórí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì yí i padà.