Fọ́nrán gíláàsì fún egungun: iléru ni kí ẹ ṣọ́

Tí fọ́nrán gíláàsì tí ẹ ṣe bá ń tú nínú omi, ẹ má tíì bá ẹ̀rọ tó fà á jà. Iléru ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè.

Iṣẹ́ fọ́nrán náà ni kí sẹ́ẹ̀lì gùn ún bí ìtàkùn ṣe ń gun ọ̀pá, kí gíláàsì sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí egungun tuntun ṣe ń gba àyè rẹ̀. Gíláàsì 45S5, tí Larry Hench bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ṣòro láti fà di fọ́nrán: bí iná bá tún kàn án, kírísítálì ló ń dà. Àdàlù 70S30C ló rọ̀ wá lọ́rùn. Nínú mólù 100, sílíkà kó 70, kálísíọ̀mù ọ́kísáìdì kó 30.

Ẹ wọn TEOS, omi kẹ́míkà tó ń di sílíkà, gíráàmù 14.6, ẹ fi ẹ́tánọ́ọ̀lù, omi àti ẹ̀kán ásíìdì díẹ̀ sí i, ẹ máa rò ó títí yóò fi mọ́ gaara. Kálísíọ̀mù náítíréètì gíráàmù 7.1 ló kàn. Èyí tó ní mólékù omi mẹ́rin lára ni o! Ẹni tó bá fi ìwọ̀n èyí tó gbẹ ṣírò yóò wọn 4.9, ìdá kan nínú mẹ́ta kálísíọ̀mù á sì ti sọnù. Lẹ́yìn náà ni PVB, irú ike kan, tí a ti yọ́ sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù, kí àdàlù náà lè ki. Bí kò bá ki tó, ìlẹ̀kẹ̀ ni ẹ máa rí lábẹ́ maikirosíkóòpù dípò fọ́nrán.

Ó wá kan fífà: iná mànàmáná alágbára ló ń fa àdàlù náà jáde láti ẹnu abẹ́rẹ́ lọ sórí bébà alumíníọ̀mù. Kìlófóòtì 15, àti sẹ̀ǹtímítà 12 láàárín méjèèjì, sábà máa ń tó. Tí abẹ́rẹ́ bá ń dí, ẹ máa nu ẹnu rẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, náítíréètì á fa omi, fọ́nrán á lẹ̀ mọ́ra.

Ó wá ku iléru. Ẹ kọ́kọ́ ṣí fọ́nrán kúrò lórí bébà alumíníọ̀mù, nítorí 660°C ni ìyẹn ń yọ́. Ẹ gbé e dé 700°C, 1°C ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Tí ẹ bá kánjú, èéfín PVB á fà á ya, èédú tó kù á sì sọ ọ́ di eléérú. Tí ẹ bá dúró ní 400°C, kálísíọ̀mù ò tíì wọnú gíláàsì dáadáa. Iyọ̀ lásán ni, omi àkọ́kọ́ ló máa gbé e lọ. Gáàsì aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń jáde lára náítíréètì lóró, ẹ má ṣe é láìsí ẹ̀rọ tó ń fa èéfín.

Kí sẹ́ẹ̀lì tó dé orí rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ kan, kí ẹ da omi náà nù. Kálísíọ̀mù tó ń tú jáde ní wákàtí àkọ́kọ́ máa ń gbé pH omi náà sókè (ìyẹn ni pé omi náà ń jìnnà sí ásíìdì) débi tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kú, àwọn kan á wá ní gíláàsì náà ló lóró.