Omi ló kọ́kọ́ tọ́ sí i, kì í ṣe epo

Ìbọn ìléwọ́ àkọ́kọ́ tí mo rà tó ń lo ẹ̀tù dúdú jẹ́ tuntun tí wọ́n ṣe ní ìrísí Colt 1851 Navy àtijọ́, ẹnu rẹ̀ jẹ́ .36 ínǹṣì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ìbọn òde òní yìnbọn kí n tó rà á, mo sì rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ mi nípa ìtọ́jú ìbọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi yìnbọn, mo délé tayọ̀tayọ̀, mo fi àkísà nu èéfín ara rẹ̀, mo kán epo sí gbogbo ihò rẹ̀, mo sì fi epo pa á lára títí ó fi ń dán. Ó di inú àpótí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbé e jáde, sìlíńdà, irin róbótó tó ní ihò mẹ́fà tí ẹ̀tù àti ọta ń wọ̀, kọ̀, kò yí. Ipá ni mo fi tú u. Ohun tí mo bá lára irin gbọọrọ tí sìlíńdà ń yí lé dà bí ọ̀dà tí wọ́n ń dà sójú títì. Nígbà tí mo ha á kúrò, ìpẹtà ti gbẹ́ kòtò wínníwínní sára irin náà. Títí dòní, tí mo bá fi èékánná wọ́ ọ, ó ń kọ́ mi lọ́wọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí: ẹ̀tù dúdú kì í jó tán. Nínú ìwọ̀n 100, saltpetre (iyọ̀ tó ń fún iná ní atẹ́gùn) kó 75, èédú kó 15, imí-ọjọ́ kó 10. Tó bá jó, ó lé ní ìdajì rẹ̀ tí kì í di afẹ́fẹ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á bá èéfín lọ, ìyókù á lẹ̀ mọ́ inú ìbọn, iyọ̀ oríṣiríṣi sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ ti rí bí iyọ̀ tí a ò dé ṣe ń rin lásìkò òjò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìdọ̀tí yìí ṣe ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, ara irin ló sì ń gbé omi náà sí. Epo ẹ́ńjìnnì àti àwọn ẹbí rẹ̀ kò lè yọ́ iyọ̀. Èmi ti olè mọ́lé, mo wá ń fi kọ́kọ́rọ́ yangàn.

Omi ló ń yọ́ iyọ̀. Mo mọ̀ pé àyà ẹni máa ń já láti ri ìbọn bọ omi, tèmi náà já.

Kí omi tó kàn án, ẹ rí i dájú pé kò sí ẹ̀tù, ọta tàbí kápù (ife irin kékeré tí òòlù ìbọn ń lù kí iná lè ran ẹ̀tù) nínú ìkankan nínú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń wọn jíjìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú lásán ò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u. Ti Colt, irin pẹlẹbẹ kékeré kan tó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ni ẹ máa tì jáde, ọ̀pá ìbọn á sì bọ́ síwájú. Ti Remington, irú ìbọn ìléwọ́ mìíràn tí gbogbo èèyàn ń pè ní 1858, rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ rẹ ọwọ́ tí a fi ń ki ọta sílẹ̀, ẹ fa irin àárín, sìlíńdà á yọ sọ́wọ́ yín. (1858 yẹn, ọdún tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ (patent) rẹ̀ ni, òun ni wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá. Kì í ṣe ọdún tí wọ́n rọ ìbọn náà.) Ẹ yọ igi ìdìmú kúrò, omi kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ tún fi sípánà rẹ̀ gangan tú àwọn irin kéékèèké mẹ́fà tí kápù ń jókòó lé. Púláyà ni mo fi tú ọ̀kan rí, mo sì ra òmíràn.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọwo ti tó. Bí irin bá ṣe kan omi báyìí, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ á sọ, imí-ọjọ́ nìyẹn, omi á sì dúdú bí omi aró. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo inú ọ̀pá, gbo ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ omi, kí ẹ tún un ṣe títí àkísà funfun á fi máa jáde ní funfun.

Wọ́n sọ fún mi nígbà kan pé omi híhó ló dára jù, pé irin á gbóná, á sì gbẹ fúnra rẹ̀. Ó gbẹ lóòótọ́. Àmọ́ kí n tó yíjú mú àkísà, irin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ti pọ́n bí ẹni tó kun osùn. Látìgbà náà, omi wọ́ọ́rọ́ ni, kíá ni mo sì ń nù ún. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ni mo ń fẹ́ sí gbogbo kọ̀rọ̀, pàápàá ojú súkúrú tí ìjókòó kápù ń wọ̀, torí ibẹ̀ ni omi ń sá pamọ́ sí.

Tó bá gbẹ pátápátá, ìgbà yẹn ni epo tó dé. Èmi ń lo ìda oyin tí mo yọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rá àgùntàn, mo ń fi pa irin àárín àti ojú súkúrú. Fún ìyókù, epo Ballistol ti Jámánì tẹ́ mi lọ́rùn, òun àti omi kì í jà. Inú ibi tí òòlù wà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo ń tú u, àmọ́ nígbà tí òòlù mi há lọ́jọ́ kan, èérún kápù kan ni mo bá níbẹ̀, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo máa ń ki àkísà funfun bọnú ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá jáde ní àwọ̀ ilẹ̀, a tún di ìdí omi nìyẹn.

Kí n tó tún ki ẹ̀tù sí i, mo ń nu epo inú ihò kúrò torí pé ẹ̀tù tó bá mu epo kì í gbiná dáadáa. Mo ń fi kápù nìkan sí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, màá dojú ìbọn kọ ewé koríko kan nílẹ̀ níbi ìyìnbọn, màá sì yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí koríko bá mì, ọ̀nà là. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, márùn-ún mì, ìkẹfà ò mì. Mo tú ìjókòó kápù rẹ̀, mo gbé e sókè wo ìmọ́lẹ̀, ẹ̀kán epo kan ṣoṣo ló dí ihò rẹ̀.