Ẹ Gbà Mí, Ó Ti Gbé Ohùn Mi!

Oníbàárà kan ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n bá òun ka ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Mo kà á, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ló bá dá mi lóhùn pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé inú tánńkì omi lẹ wọ̀ lọ ni?"

Kò purọ́. Yàrá tí mo gbà ní Under G, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 ni. Ògiri ẹ̀ dán, táìlì ló wà nílẹ̀, kò sì sí nǹkan nínú ẹ̀ ju ẹní, tábìlì, kọ̀ǹpútà àti máìkì. Tó o bá wúkọ́ níbẹ̀, ògiri á wúkọ́ padà fún ẹ.

Ẹnì kan ní kíréètì ẹyin ni oògùn ẹ̀. Mo lọ bá ìyá ẹlẹ́yin kan ní Tákíè, mo ra òfìfo 60, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri títí dé òkè àjà. Mo wúkọ́. Ògiri wúkọ́ padà. Àwọn tó ń kọjá wá ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń kanlẹ̀kùn pé èló là ń ta kíréètì kan. Ọjọ́ kẹta ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ooru ni, àfìgbà tí mo rí iná adìẹ kan tó ń gun máìkì lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ fi orin kan dá wa lára yá. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo kíréètì kúrò nílé.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó jókòó wádìí ọ̀rọ̀ (ó yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó náwó). Ohùn tó wúwo, tó ń gbọ̀n nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì ẹ̀ kan ṣoṣo gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 11. Èyí tó gùn tó yàrá mi, kí ni páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fẹ́ fi í ṣe? Nǹkan tó nípọn tó sì rọ̀ ni wọ́n fi ń mú un, tí afẹ́fẹ́ lè wọnú ẹ̀, kí ohùn máa rá pálá kiri níbẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ìdí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1895, wọ́n ní kí Wallace Sabine wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Harvard tí ohùn kì í tètè kú nínú ẹ̀. Òru ló fi ń ṣiṣẹ́. Òun àtàwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ á kó tìmùtìmù ìjókòó láti gbọ̀ngàn mìíràn, wọ́n á wọn bí ohùn ṣe ń pẹ́ tó, wọ́n á sì kó o padà kílẹ̀ tó mọ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní olóògùn owó. Amẹ́ríkà ló wà, kò sì ní ìyá onílé.

Mo ní kí káfíńtà bá mi ṣe férémù 6, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn, 2 ní fífẹ̀, íǹṣì 4 ní jíjìn. Ìyá onílé ti ní kí n bá òun gbé fóòmù ògbólógbòó kan lọ sí ààtàn. Mo gbé e lóòótọ́, àmọ́ kò dé ààtàn. Mo gé e wẹ́wẹ́ sínú férémù, mo fi àkísà télọ̀ dí àlàfo. Aṣọ tí wọ́n fi ń bò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó o lè fẹnu fẹ́ atẹ́gùn kọjá nínú ẹ̀. Èyí tí owó mi ká lọ́jà, funfun ni.

Ẹ wá wò ó: àpótí gígùn 6, aṣọ funfun yí gbogbo ẹ̀ ká, mo ń gbé wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ní alẹ́, torí ìgbà tí káfíńtà ráyè nìyẹn.

Aago méjì òru ni mo tó lè ká ohùn sílẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, tí jẹnẹrétọ̀ ò bá pariwo, máńgòrò á máa já lu pánù, gbàù! Mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan láti fi dán yàrá wò. Pá! Mo tẹ́tí. Mo sún sí kọ̀rọ̀. Pá! Mo wá bẹ̀rẹ̀ ìpolówó náà. Ibi tó dùn jù nínú ẹ̀ ni, "Jẹ̀díjẹ̀dí ńkọ́? Ó ti kú!" Ẹnu mi ò bọ́ sí i dáadáa, mo tún un sọ. Ó ti kú! Mo tún un sọ. Ó ti kúúú! Ó máa tó ìgbà méje.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn. Ìyá onílé ni, àwọn ayálégbé méjì tẹ̀ lé wọn, ọ̀kan mú òróró àdúrà dání.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kú?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Kò sẹ́ni tó kú mà, jẹ̀díjẹ̀dí ni."

"Jẹ̀díjẹ̀dí lò ń pàtẹ́wọ́ fún lóru? Pósí funfun mẹ́fà yẹn ńkọ́?"

Èmi náà ni mo ṣi í ṣe, mo ní kí wọ́n wọlé wá wò ó. Ẹ mọ̀ pé tí màmá yìí bá pe ọmọ-ọmọ wọn, àdúgbò kejì ló ń dáhùn. Wọ́n dúró láàárín férémù méjì ní kọ̀rọ̀, wọ́n la ẹnu láti gbàdúrà: "Ní orúkọ..." Ohùn náà ò kọjá ètè. Wọ́n tún un ṣe. "Ní orú..." Wọ́n fọwọ́ kan ọ̀fun wọn. Wọ́n wò mí.

Èmi sì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè pa á mọ́ra, iṣẹ́ mi ti jẹ́!

"Yéè! Ẹ gbà mí! Ó ti gbé ohùn mi!"

Bí wọ́n ṣe dé ìta ni ohùn padà sí wọn lẹ́nu, odindi òpópónà sì gbọ́. Kí n tó pajú dé, ènìyàn ti kún ẹnu ọ̀nà mi. Wọ́n ní kí n ya ọ̀kan nínú pósí náà kí ojú rí i. Mo fa ọ̀bẹ yọ, gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Mo ya aṣọ funfun náà. Àkísà já bọ́ sílẹ̀, fóòmù yọjú, pẹ̀lú àpá áyọ́ọ̀nù tó jó o ní igun kan.

Ìyá onílé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo àpá yẹn dáadáa.

"Fóòmù mi kọ́ yìí?"

"Òun ni mà."

"Tí mo ní kó o gbé lọ sí ààtàn?"

Mi ò fèsì. Ẹni tó mú òróró dání rọra dé ìgò ẹ̀.

Màmá wo férémù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yíká, wọ́n wo máìkì, wọ́n wá fìdí lé orí ẹní mi.

"Ẹni tó ni jẹ̀díjẹ̀dí yìí, èló ló ń san?"