Nọ́ọ̀tì Toyota kì í ṣe ti Nissan

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, sípánà 21 kan náà ló sábà máa ń tú nọ́ọ̀tì táyà Toyota àti ti Nissan. Ohun tó kó bá mi nìyẹn ní Lafẹ́nwá, ní ọdún kejì tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́.

Nissan kan wọlé, nọ́ọ̀tì táyà rẹ̀ kan ti sọnù. Mo he ọ̀kan nínú agolo wa, mo fi í sí i. Ó yí bí ẹ̀ẹ̀mejì, ó há. Mo rò pé ó dógùn-ún ni, mo bá gbé wíìlì sípánà, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó yí lóòótọ́, àmọ́ irin ló ń jẹ irin. Ìgbà tí ọ̀gá mi fẹ́ tú u, sítọ́ọ̀dì, ìyẹn bóòtì tí nọ́ọ̀tì táyà ń wọ̀, já mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò nà mí o. Ó kàn ní kí n fẹsẹ̀ rìn dé Ìta Òṣìn lọ wá òmíràn nínú oòrùn ọ̀sán, ìyẹn sì burú ju pàṣán lọ.

Ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ló ṣàlàyé. Bóòtì táyà méjèèjì nípọn ní mílímítà 12, ṣùgbọ́n tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà tó yí bóòtì àti inú nọ́ọ̀tì ká, ti Toyota tí mo he yẹn fi mílímítà 1.5 jìnnà síra, ti Nissan fi 1.25. Nọ́ọ̀tì tó bá bóòtì rẹ̀ mu, ìka lásán ni yóò yí i dé ìdí. Bó bá há, ẹ tú u, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ sítọ́ọ̀dì, kí ẹ tún un dán wò. Bí ẹ kò bá mọ bóòtì kan, ẹ fi tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ko ti èyí tí ẹ mọ̀, kí ẹ gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá wọnú ara wọn bí eyín òòyà méjì láìsí àlàfo, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ìka náà lè tàn yín ṣá. Nọ́ọ̀tì táyà Honda àti ti Toyota jọ jẹ́ 12 ní 1.5, wọ́n á yí wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí ti Honda rí roboto, ti Toyota onírímù irin sì rí ṣóńṣó bí àrọ. Bí ìdí rẹ̀ kò bá jókòó dáadáa sínú rímù, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tú, ó sì lè jẹ́ lọ́nà Ṣàgámù ni táyà á ti yọ. Èyí ni mo bẹ̀rù jù.

Nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú, ẹ má lò ó nídìí sàlẹ́ńsà, ooru á yọ́ rọ́bà náà. Nọ́ọ̀tì táì rọ́ọ̀dù, irin tó ń yí táyà bí ẹ bá yí sitiári, tí orí nọ́ọ̀tì náà rí bí adé ńkọ́? Bí ihò kò bá ṣe déédéé kí píìnì wọlé, ẹ má tú u padà sẹ́yìn, ẹ fún un sí i díẹ̀ títí ihò á fi bára mu. Píìnì tuntun ni kí ẹ sì kì bọ̀ ọ́, kì í ṣe wáyà tí ẹ gé lára ọgbà ẹlòmíràn.