Ẹ má gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ìyá yín

Àdìrẹ ni Màámi ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, kí ojú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Dókítà ní glaucoma ni. Àìsàn yìí kì í sábà dun èèyàn. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, ẹni tó ń ṣe á ṣì máa rí iwájú, ṣùgbọ́n á máa fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Ibi tó bá ti jẹ kò ṣeé gbà padà mọ́. Èyí tó kù ni oògùn tí wọ́n ń kán sójú ń dáàbò bò.

Àwa ọmọ sáré ṣe ohun tí a rò pé ó dáa. A gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn, a gba ìdáná, a gba kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀. A wá ọmọ ọ̀dọ̀ tì wọ́n. Èmi tí mo wà ní Maryland, l'Amẹ́ríkà, ni mò ń fi owó ọmọ náà ránṣẹ́ lóṣooṣù, ọkàn mi sì balẹ̀ pé mò ń tọ́jú ìyá mi. Kò pé ọdún méjì tí Màámi, tí wọ́n máa ń dá rìn lọ sọ́jà, fi di ẹni tí kò lè dá dé balùwẹ̀. Ojú wọn ò tíì burú tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn o. Àwa la gba ẹsẹ̀ wọn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe nígbà náà. Màmá òyìnbó kan, ẹni ọdún 83, wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú; ojú tiwọn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wá kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa dá ṣe iṣẹ́ ilé. Bí mo ṣe nawọ́ sí kẹ́tùlù láti bá màmá po tíì, obìnrin náà rọra dì mí lọ́wọ́ mú. Ó fún màmá ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi kọ́ etí ife. Màmá fọwọ́ wá etí ife kàn, wọ́n gbé ẹnu kẹ́tùlù lé e, wọ́n ń da omi díẹ̀díẹ̀. Bí omi ṣe kan ẹ̀rọ náà ló ké, màmá sì dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí àwọn ti po tíì fúnra àwọn kẹ́yìn. Inú mọ́tò ni mo ti lọ sunkún. Ìdáná Màámi ni mò ń rò.

Bí mo ṣe lọ forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ obìnrin yẹn nìyẹn.

Ẹ̀ka iṣẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ, ẹ mọ èyí tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó sanwó. Vision Rehabilitation Therapy, èyí tí mo kọ́, ni ti ìgbé ayé nínú ilé: oúnjẹ sísè, oògùn lílò, owó kíkà, Braille tí wọ́n ń fi ìka kà. Orientation and Mobility ni ti ìrìn, òun ló ni ọ̀pá funfun gígùn tí Richard Hoover fi kọ́ àwọn sójà tí ogun àgbáyé kejì fọ́ lójú ní ọsibítù ológun Valley Forge. Low Vision Therapy wà fún bí èèyàn ṣe lè fi ìwọ̀nba ojú tó kù ṣiṣẹ́. ACVREP, àjọ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ yìí ní ìwé ẹ̀rí l'Amẹ́ríkà, ló ń ṣe ìdánwò fún ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sì máa ṣiṣẹ́ wákàtí 350 lábẹ́ ẹni tó ti gba ìwé ẹ̀rí náà. Ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ léèrè tààrà pé ta ló máa bá yín wá ibi tí ẹ ti máa ṣe wákàtí wọ̀nyẹn. Èmi ò béèrè, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi wá ẹni tó máa gbà mí.

Wọ́n fi aṣọ dì wá lójú, wọ́n ní ká gé àlùbọ́sà, ká dáná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀: nǹkan funfun lórí nǹkan funfun máa ń pòórá mọ́ ẹni tójú rẹ̀ ò dáa lójú. Mo wà ní kíláàsì, mo ń rántí bí Màámi ṣe máa ń fi ẹ̀kọ sílẹ̀ sórí àwo, tí a ó ní oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ. Ẹ̀kọ lórí àwo funfun! Wọn ò rí i ni. Mo ní kí àbúrò mi ra àwo dúdú fún ẹ̀kọ àti ìrẹsì, kó fi funfun sílẹ̀ fún àmàlà. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni oúnjẹ ti ń tán lórí àwo.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìrìn. Ẹ má ti afọ́jú látẹ̀yìn, ẹ má sì fi ọ̀pá fà á. Ẹ jẹ́ kó di apá yín mú lókè ìgúnpá, kí ẹ fi bí ìdajì ìgbésẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ara yín ló máa sọ fún un pé àtẹ̀gùn dé.

Ẹ̀kọ́ nípa ọjọ́ ogbó ni mo fẹ́ fò. Mo ní èmi tí ìyá àgbà tọ́ dàgbà, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi nípa arúgbó? Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn ò gbà.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, olùkọ́ sọ̀rọ̀ nípa Charles Bonnet, ará Geneva, tó kọ ohun tí bàbá àgbà rẹ̀ ń rí sílẹ̀ ní 1760. Ojú bàbá náà ti ṣókùnkùn, síbẹ̀ ó ń rí ọkùnrin, obìnrin, ẹyẹ àti ilé tí kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ pé pérépéré. Ojú ni kì í gbé iṣẹ́ wá fún ọpọlọ bó ṣe yẹ mọ́, ọpọlọ wá ń ya àwòrán tirẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Ọdún tó ṣáájú ni Màámi sọ fún àbúrò mi pé àwọn ọmọdé kan tó wọ aṣọ pupa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọn kì í sì í dáhùn tí àwọn bá kí wọn. Wọ́n pe pásítọ̀, wọ́n ṣe ìṣọ́ òru mẹ́ta. Ẹbí kan tiẹ̀ dárúkọ àjẹ́. Láti ìgbà náà ni Màámi ò ti sọ ọ́ mọ́.

Mo pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn. "Màámi, àwọn ọmọ aláṣọ pupa yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń wá?"

Wọ́n dákẹ́ títí. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ṣàlàyé. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀. "Ṣé mi ò ya wèrè?"

"Ẹ ò ya wèrè, Màámi."

Ọdún kan gbáko ni ìyá mi ti ń bẹ̀rù orí ara wọn, tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Tí àgbàlagbà yín tójú rẹ̀ ti lọ bá ń rí irú rẹ̀, ẹ béèrè jẹ́jẹ́, kí ẹ sì sọ fún dókítà; pàápàá tó bá tún ń gbọ́ ohùn, tàbí tó gbà pé òótọ́ ni wọ́n wà níbẹ̀, torí ìyẹn lè ní ìdí mìíràn.

Ẹ̀kọ́ òwò ni mo fojú kéré jù, òun ló sì nà mí jù. Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí tán, mo dá dúró. Mi ò mọ̀ pé Medicare, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àgbàlagbà, kì í sanwó fún irú iṣẹ́ tèmi; occupational therapist, ẹni tó ń kọ́ aláìsàn bó ṣe máa padà máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, tí dókítà bá darí aláìsàn sí ni wọ́n máa ń san fún. Ìjọba ìpínlẹ̀, tó ní ètò fún àwọn aláìríran tó ti tó ọdún 55, àwọn àjọ aláàánú àti àpò ẹbí ni owó wa ti ń wá. Mo ń gba owó wákàtí tí mo bá lò nínú ilé nìkan, mi ò ka wákàtí tí mò ń lò lójú títì. Iléeṣẹ́ kan jẹ mí lówó oṣù mẹ́rin. Mo gbàgbé pé ẹni tó bá ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa san owó orí 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún fún Social Security (ètò owó ìfẹ̀yìntì ìjọba) àti Medicare, yàtọ̀ sí owó orí tí gbogbo èèyàn ń san.

Mo ro ẹjọ́ náà fún Màámi. Wọ́n kàn bi mí pé, "Èwo ni ojú owó ẹ níbẹ̀?" Mi ò lè dáhùn. Nígbà tí wọ́n ń tajà, owó aró àti owó aṣọ wà ní etí ìró kan, èrè wà ní etí kejì. Ebi ì báà máa pa wá, wọn ò ní tú ti aró. Mo ṣí àkáǹtì méjì lọ́jọ́ kejì. Mo padà sí kíláàsì ìṣirò owó, mo wá rí i pé ohun tí wọ́n ń kọ́ wa látìgbà yẹn nìyẹn.

Ẹni tí yunifásítì ò rọrùn fún, ilé ẹ̀kọ́ Hadley wà, tí William Hadley, olùkọ́ tójú rẹ̀ fọ́, dá sílẹ̀ ní 1920 ní Winnetka, Illinois. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ ẹni tójú rẹ̀ ń lọ àti àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹni tó wà nílé tó sì fẹ́ di olùkọ́ aláìríran, Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka Special Education.

Ìgbà tí mo délé kẹ́yìn, mo fi àtè lẹ bọ́tìnnì kékeré mọ́ ojú gáàsì, níbi tí iná ti ń kú. Mo di rọ́bà kan mọ́ ìgò oògùn àárọ̀, méjì mọ́ ti alẹ́. Mo dá ọ̀bẹ padà fún wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń padà bọ̀, mo gbọ́ ìró rẹ̀ lórí pákó kí n tó dé kíṣíìnì. Wọ́n ká ìka ọwọ́ òsì wọn mọ́ra, ọ̀bẹ ń tẹ̀lé e, àlùbọ́sà ń bọ́ sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo nawọ́ láti bá wọn ṣe é. Wọ́n ní kí n lọ jókòó, pé ọ̀nà jíjìn wà níwájú mi.